Pátákó Tí Bàbá Kò-sí-àṣìkọ Pa Rẹ́

Bí ẹ bá gba àdúgbò wa kọjá láàárọ̀, imú yín ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín pé ẹ ti dé ilé Bàbá Kò-sí-àṣìkọ. Òórùn ọ̀dà ni, àti ti kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà lẹ ó wá rí àwọn pátákó tó fẹ̀yìn ti ọgbà, tí wọ́n ń gbẹ: ti onígbàjámọ̀, ti dókítà eyín, ti ẹni tó ń kọ́ni ní mọ́tò wíwà. Ṣọ́ọ̀bù mi ló dojú kọ ilé náà. Fótókópì ni mò ń ṣe, mo sì ń ta bébà àti báírò. Ẹni tó bá ń ṣe fótókópì, kò sí ìwé ẹnikẹ́ni tí ojú rẹ̀ kì í tó. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi náà wà nínú ìtàn yìí.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Bàbá ti ń kọ pátákó, kò sì sí ẹni tó lè fi ìka kan lẹ́tà kan pé ó ṣì í kọ. Ibi tí orúkọ yẹn ti wá nìyẹn. Bó bá rí àṣìkọ lára pátákó ẹlòmíì lójú títì, á dúró, á máa mi orí, bí ẹni tó rí ọmọ tó wọ bàtà òdì. Ìgbà kan wà tó gbé ọ̀dà tirẹ̀ dání lọ tún pátákó onísìmẹ́ǹtì kan ṣe. Onísìmẹ́ǹtì ò bẹ̀ ẹ́ o.

Ìbéèrè kan wà tó máa ń bi gbogbo oníbàárà kó tó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà: "Ta lẹ fẹ́ kó kà á?" Ọkùnrin kan tó ń ta fóòmù ìbùsùn wá lọ́jọ́ kan. Ó fẹ́ kí wọ́n kọ bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tó kọ́ òun, àti ìdí tí òun àti ẹnìkejì òun nínú òwò fi pínyà. Bàbá bi í pé ṣé ẹni tó ń wá fóòmù ló fẹ́ kó kà á ni, àbí ẹnìkejì rẹ̀. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló padà wà lójú pátákó náà. Bàbá á ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, pàápàá agbọ̀n ẹni tó ń kọjá lọ lórí kẹ̀kẹ́.

Ẹni tó mọ èyí, tó fi ń kọ́ gbogbo ayé, òun náà ló kù díẹ̀ kó fi pátákó ti ọmọ tirẹ̀ sínú ewu. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ọmọ méjì ni Bàbá àti Màmá bí, obìnrin làwọn méjèèjì. Àkọ́bí ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù oògùn tó wà ní ìkóríta. Èkejì ń kọ́ni nílé-ìwé, Tíṣà sì ni gbogbo wa ń pè é. Àkọ́bí ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí bàbá rẹ̀ ti kú láti ìgbà tó wà ní jòjòló. Gbogbo wọn jọ ń gbé inú ilé náà ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bí Àkọ́bí ṣe ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn iṣẹ́, ọkùnrin méjì ká a mọ́ ibẹ̀, wọ́n sì pa á. Ọlọ́pàá mú ọ̀kan. Ìkejì sá lọ. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa bí wọ́n ṣe pa á. Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ilé náà dákẹ́ lójijì. Bàbá tí kì í jókòó, ó jókòó. Màmá á ká aṣọ kan, á tú u, á tún un ká. Ó dun gbogbo wa. Èmi gan-an ti ṣọ́ọ̀bù mi fún ọjọ́ méjì, mi ò sì rí nǹkan kan ṣe nílé ju kí n máa sunkún lọ.

Ọjọ́ kẹta ni oníròyìn dé. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó kí gbogbo ilé tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ní òun fẹ́ kí aráyé mọ irú ẹni tí Àkọ́bí jẹ́, kó má baà jẹ́ pé iye àwọn tó kú nìkan ni wọ́n máa kà á mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Bàbá lára. Màmá ní òun ò fẹ́ kí àlejò wọ yàrá ọmọ òun. Bàbá ní ẹni tó bá wá bá ni kẹ́dùn, a kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó sì mú ọkùnrin náà wọlé.

Kò sí ẹni tó béèrè ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í ní ohun tó fẹ́ kọ. Ó ya fótò bẹ́ẹ̀dì, ó ya ti bàtà iṣẹ́. Ó ya àga tí Màmá fi aṣọ ilé-ìwé ọmọ-ọmọ rẹ̀ kọ́, aṣọ tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa, tí báàjì wà láyà rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó lọ.

Lọ́jọ́ kejì ni ìròyìn jáde, nínú ìwé ìròyìn àti lórí ayélujára. Àkọlé rẹ̀ ní olólùfẹ́ ìkọ̀kọ̀ ni obìnrin náà lọ pàdé, tí ọ̀rọ̀ fi di ikú. Irọ́ gbáà ni. Àwòrán yàrá wà níbẹ̀, àga wà níbẹ̀, orúkọ ilé-ìwé ọmọ náà sì hàn ketekete lára báàjì.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ báyìí. Wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, èmi náà sì fi ránṣẹ́ sí èèyàn mọ́kànlá. Mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ àdúgbò wa nìyí o, ó mà ṣe." Mo rò pé ìbánikẹ́dùn ni mò ń ṣe. Láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti ń wá ra pẹ́ńsù ni mo ti mọ̀ ọ́n, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n kọ. Síbẹ̀ mo fi ránṣẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Màmá ní kí ọmọ náà lọ sílé-ìwé, bóyá bó bá rí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́ díẹ̀. Àwọn méjì tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí ti dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú fóònù. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó bi í bóyá ó mọ ọkùnrin tí màmá rẹ̀ máa ń lọ rí. Ìkejì ń ya fídíò ojú rẹ̀.

Ọmọ náà délé, ó bọ́ báàgì sílẹ̀, ó ní, "Màmá àgbà, kí ni wọ́n ń pè ní olólùfẹ́ ìkọ̀kọ̀?"

Màmá fà á mọ́ra. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀, kò wọ aṣọ ilé-ìwé mọ́. Ó ní aṣọ yẹn ló ń sọ fún wọn pé òun ni.

Bí Bàbá ṣe gbọ́ èyí, inú bí i débi tí kò lè jẹun. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé pákó tó tóbi jù lọ nínú ilé jáde. Ó kùn ún ní funfun, ó jẹ́ kó gbẹ, ó wá fi okùn àti ṣọ́ọ̀kì fa ìlà mẹ́sàn-án sí i. Ẹni tí kì í kọ ju ìlà mẹ́rin lọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti ń fi ọ̀dà pupa kọ ọ́, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, mò ń kà á bó ṣe ń jáde lábẹ́ búrọ́ọ̀ṣì.

ỌMỌ MI KÒ NÍ OLÓLÙFẸ́ ÌKỌ̀KỌ̀. IRỌ́ NI WỌ́N PA.
ÀWỌN TÓ PA Á TI Ń TẸ̀LÉ E LÁTI OṢÙ MẸ́TA.
Ó FI WỌ́N HAN ÀBÚRÒ RẸ̀. ÀBÚRÒ RẸ̀ MỌ ÀWỌN MÉJÈÈJÌ LÓJÚ.
ÀBÚRÒ RẸ̀ TI SỌ GBOGBO RẸ̀ FÚN ỌLỌ́PÀÁ.

Ìlà mẹ́rin ló ti kọ, ó ku márùn-ún. Mo gbé fóònù mi sókè kí n yà á. Ẹ rí i pé mi ò tíì gbọ́n.

Ibẹ̀ ni Tíṣà bá wa. Ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, báàgì tó kún fún ìwé ìdánwò àwọn ọmọ wà léjìká rẹ̀. Ó ka pátákó náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà. Kò pariwo.

Ó ní, "Bàbá, wọn ò tíì rí ẹnìkejì mú. Ẹ ń kọ ọ́ síta fún un pé èmi ni mo mọ̀ ọ́n lójú."

Bàbá ò yíjú. Ó ní ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí òun ti ń tún àṣìkọ ẹlòmíì ṣe, ṣé ti ọmọ òun ni òun máa wò níran? Ó ní bó bá ti gbẹ báyìí, iwájú ilé ni òun máa rì í mọ́, ẹni tó bá fẹ́ pa èèyàn kó wá pa òun. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tí ọ̀dà wà nù ún, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti pọ́n. Màmá rọra ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Bàbá ní ogún ọdún dà lọ́wọ́ òun.

Tíṣà wọlé, ó pe Lọ́yà lórí fóònù.

Obìnrin ni Lọ́yà yìí, ọ́fíìsì rẹ̀ wà nítòsí kóòtù. Àwọn ẹbí tí wọ́n pa èèyàn wọn ló máa ń dúró tì, Bàbá ló sì kọ pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó dé kí ọ̀dà tó gbẹ. Ó di ọwọ́ Màmá mú pẹ́ kó tó lè sọ̀rọ̀, ó ní ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àmúmọ́ra. Lẹ́yìn náà ó dojú garawa ọ̀dà kan dé, ó jókòó lé e níwájú pátákó.

"Bàbá, ẹ rántí ìbéèrè tí ẹ bi mí lọ́jọ́ tí mo wá ṣe pátákó mi?"

Bàbá tún ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà.

"Ẹ ní ta ni mo fẹ́ kó kà á. Mo ní gbogbo ayé. Kí lẹ wí?"

"Mo ní pátákó ò mọ ẹni tó ń ka òun. Ẹni tó bá ti ń kọjá, ó ti kà á nìyẹn."

"Ta lẹ fẹ́ kó ka èyí?"

"Gbogbo ẹni tó ka irọ́ yẹn."

"Ta ló tún máa kọjá, Bàbá?"

Bàbá yíjú, ó wo Tíṣà. Ọ̀dà pupa ń kán láti ẹnu búrọ́ọ̀ṣì sórí bàtà rẹ̀, kò mọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà.

Ó ní, "Mi ò lè sin ọmọ méjì."

Lọ́yà jẹ́ kó sunkún tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìgbà tó ṣe díẹ̀ ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀rọ̀ náà yé wọn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní ẹbí tó wà nínú ọ̀fọ̀ kò jẹ oníròyìn kankan ní gbèsè ọ̀rọ̀. Wọ́n lè sọ pé kì í ṣe lónìí. Wọ́n lè sọ pé kì í ṣe láéláé. Ó ní kì í ṣe pé gbogbo oníròyìn burú, àwọn kan wà tí ìròyìn wọn ti jẹ́ kí wọ́n rí apànìyàn mú, ọjọ́ kan sì lè wà tí ẹbí náà fúnra rẹ̀ máa fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹnì kan ṣoṣo ni kó sọ ọ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó sọ ọ́, kó sì jẹ́ ohun tí wọ́n ti fìmọ̀ ṣọ̀kan lé lórí.

"Ohun tí Tíṣà bá ọlọ́pàá sọ, ti kóòtù ni," Lọ́yà ní. "Ẹ má sọ ọ́ fún oníròyìn, ẹ má sọ ọ́ fún aládùúgbò, ẹ má sọ ọ́ fún ẹni tó wá kí yín."

Bàbá wá béèrè pé irọ́ tí wọ́n pa mọ́ ọmọ òun ńkọ́. Lọ́yà ní wọn ò ní fi sílẹ̀. Àwọn máa kọ̀wé sí olóòtú ìwé ìròyìn náà, àwọn máa tọ́ka sí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ irọ́ gan-an, àwọn máa ní kí wọ́n ṣàtúnṣe, kí wọ́n sì yọ àwòrán báàjì kúrò. Ó ní òun nílò ẹ̀dà ohun tí wọ́n gbé jáde, kí wọ́n tó yọ ọ́ kí wọ́n wá ní àwọn ò ṣe é.

Bó ṣe gbójú sókè báyìí, èmi ló rí, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

Ó ní, "Ìyá Fótókópì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Mo sọdá. Ó bi mí bóyá ìròyìn náà wà lórí fóònù mi, mo ní ó wà. Ó bi mí bóyá mo fi ránṣẹ́ sẹ́nikẹ́ni. Màmá ń wò mí. Mo lè purọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ lójú obìnrin yẹn. Mo ní èèyàn mọ́kànlá. Màmá ò bú mi. Ó kàn gbé ojú kúrò lára mi, ìyẹn sì dùn mí ju èébú lọ.

Lọ́yà ní kí n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà fún òun, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tó ti wá. Lẹ́yìn náà kí n yọ ọ́ kúrò lórí fóònù mi, kí n sì kọ̀wé sí àwọn mọ́kànlá náà pé irọ́ ni mo fi ránṣẹ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta dáhùn pé àwọn ti yọ ọ́. Ọ̀kan bi mí pé, kí ló wá ṣẹlẹ̀ gan-an? Mi ò dá a lóhùn títí dòní.

Nígbà tí mo fi máa padà débẹ̀, Bàbá ti da kẹrosíìnì sí àkísà, ó ń nu pátákó náà. Pupa di pinki, pinki di funfun ìdọ̀tí. Tíṣà di ìsàlẹ̀ pákó mú fún un. Mo kó bébà tó ti bàjẹ́ wá láti ṣọ́ọ̀bù mi, a jọ ń nù ún. Nígbà tó mọ́, ó fi ọ̀dà funfun kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, torí kò fẹ́ kí lẹ́tà kankan yọjú lábẹ́.

Ó wá mú pátákó kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń fi sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Ó béèrè, kò wo ẹnikẹ́ni lójú, "Ta la fẹ́ kó kà á?"

Màmá ní, "Ẹni tó bá fẹ́ kan ilẹ̀kùn wa."

Ohun tó kọ nìyí:

A WÀ NÍNÚ Ọ̀FỌ̀. Ẹ ṢÉUN.
LỌ́YÀ WA LÓ Ń SỌ̀RỌ̀ FÚN WA.
Ẹ MÁ BI ỌMỌ NÍ OHUNKÓHUN.

Ó fi nọ́ńbà fóònù ọ́fíìsì Lọ́yà sísàlẹ̀, ó kàn án mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Lọ́yà bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà máa wọ aṣọ ilé wá, kó sì máa gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde, ẹni tó bá mọ̀ nìkan ló ń wá mú un, wọ́n sì sọ fún ọlọ́pàá tó ń bójú tó ẹjọ́ náà nípa àwọn tó wá dúró ní géètì. Wọ́n kọ́ ọmọ náà ní gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ẹ lọ bi lọ́yà wa." Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé nígbà tí Tíṣà bi í ta ló jẹ bisikíìtì tó wà nínú agolo, ó ní kó lọ bi lọ́yà wọn. Ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín nínú ilé náà láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn.

Oníròyìn náà padà wá. Ó ka pátákó, ó dúró díẹ̀, ó sì yí padà láìkan ilẹ̀kùn. Lọ́yà ní ó pe òun, ó bẹ̀bẹ̀, ó ní ẹ̀rí ọkàn ò jẹ́ kí òun sùn. Àtúnṣe jáde ní ojú ewé kẹfà, ìlà mẹ́fà péré. Bàbá fi ìka tọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ní kò sí àṣìkọ níbẹ̀.

Oṣù méjì ò tíì pé tí wọ́n fi mú ẹnìkejì. Ó ṣì wà nínú ìlú ní gbogbo àkókò yẹn. Ibùdókọ̀ tí kò jìnnà sí àdúgbò wa ni wọ́n ti mú un, ẹni tó ti lè gba iwájú pátákó pupa yẹn kọjá lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ara mi ń bù máṣọ bí mo bá rántí fóònù tí mo gbé sókè. Tíṣà jẹ́rìí ní kóòtù, ó sì padà sílé láyọ̀ àti àlàáfíà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ sí ẹbí yín, kí Ọlọ́run má jẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín. Ẹ yan ẹni kan tó máa sọ̀rọ̀ fún gbogbo ilé. Ẹ béèrè ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ oníròyìn, kí ẹ sì mọ ohun tó fẹ́ kọ kó tó wọlé. Yàrá ẹni tó kú àti aṣọ ọmọ kì í ṣe ohun ìyàwòrán. Ohun tí ẹ̀yin tàbí ẹlẹ́rìí bá mọ̀, ẹ gbé e lọ bá ọlọ́pàá àti lọ́yà, kì í ṣe ojú títì, kì í ṣe orí ayélujára. Bí wọ́n bá purọ́ mọ́ yín, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, ẹ kọ̀wé béèrè àtúnṣe. Bí wọ́n bá ń lépa ọmọ yín, ẹ fi tó ilé-ìwé àti ọlọ́pàá létí lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin aládùúgbò, ẹgbẹ́ mi, tiwa ló rọrùn jù. Bó bá dé orí fóònù yín, ẹ jẹ́ kó kú síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá ẹbí kẹ́dùn, kó gbé oúnjẹ lọ.

Lọ́jọ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ tún wọ aṣọ ilé-ìwé rẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ka pátákó kékeré náà sókè. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ ò sọ nǹkan kan nípa màmá mi níbí."

Nígbà tí ọmọ náà ti ilé-ìwé dé, Bàbá mú búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, ó mú ọ̀dà aláwọ̀ búlúù, àwọn méjèèjì wọ yàrá Àkọ́bí lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn, lápá inú, ló kọ ọ́ sí. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ ọ́. Ọmọ náà sọ fún mi nígbà tó wá ra pẹ́ńsù pé ó ju ìlà mẹ́rin lọ dáadáa.

Mo fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ mí, mo fẹ́ mọ̀ gan-an. Mo fún un ní pẹ́ńsù rẹ̀, mi ò sì béèrè.